Díẹ̀díẹ̀ Nimú Ẹlẹ́dẹ̀ Fi Ń Wọgbà: Ìtàn Hóró Oògùn Tí Í Fi Sùúrù Ṣiṣẹ́

Ìfáárà

Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò tóbi lójú. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè fi ẹnu omi kan gbé e mì. Hóró oògùn ni. Kì í sì í ṣe gbogbo hóró oògùn, bí kò ṣe irú kan péré: èyí tí a ń lò nígbà tí ìfun bá ń fún mọ́ra tí inú sì ń run, tàbí nígbà tí àpò ìtọ̀ kò bá fún ènìyàn ní ìsinmi, tí a sì mọ lọ́nà tí kì yóò fi tú gbogbo agbára rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n tí yóò máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 12 tàbí 24.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan béèrè pé kí ni ti onítàn nínú ọ̀rọ̀ apòògùn. Èsì mi ni pé ìtàn kì í ṣe ti ọba àti ti ogun nìkan. Inú hóró kan ṣoṣo irú èyí ni iṣẹ́ àwọn tí ó já ewé, ti àwọn tí ó yọ èròjà inú ewé, ti àwọn tí ó wádìí bí iṣan ṣe ń bá ẹ̀yà ara sọ̀rọ̀, àti ti àwọn tí ó wádìí bí omi ṣe ń gba inú awọ kọjá, ti pàdé. Ó lé ní 200 ọdún kí iṣẹ́ wọn tó pàdé. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lónìí ni pé ọgbọ́n tí ó wà nínú hóró yìí kò sí nínú èròjà oògùn nìkan. Apá kan rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì wà nínú bí a ṣe mọ ọ́n. Nítorí náà, ẹni tí kò bá mọ̀ bí a ṣe mọ ọ́n lè fi eyín ara rẹ̀ ba ọgbọ́n náà jẹ́, kí ó sì sọ oògùn di májèlé.

Orírun oògùn náà nínú ewéko

Kì í ṣe inú ẹ̀rọ ni oògùn tí a ń wí yìí ti bẹ̀rẹ̀; inú igbó ni. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ewéko méjì ni ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ náà. Èkíní ni Atropa belladonna, èkejì ni Hyoscyamus niger. Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ó to orúkọ wọn sínú ìwé ní ọdún 1753. Orúkọ Atropos ni ó yọ orúkọ àkọ́kọ́ lára rẹ̀. Atropos yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà obìnrin mẹ́ta ti àwọn ará Gíríìkì àtijọ́, òun sì ni ẹni tí í gé okùn ẹ̀mí ènìyàn. Belladonna ní tirẹ̀ túmọ̀ sí arẹwà obìnrin ní èdè Ítálì, nítorí pé àwọn obìnrin kan a máa kán omi èso náà sójú kí ọmọlójú wọn lè fẹ̀, kí wọ́n sì lẹ́wà lójú ẹni tí ń wò wọ́n. Báyìí ni ikú àti ẹwà ṣe ń gbé pọ̀ nínú orúkọ ewéko kan.

A kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni èyí. Apikán tí í hù lẹ́bàá ọ̀nà àti lórí ààtàn ní ilẹ̀ wa, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní gegemu, ìdílé kan náà ni òun àti àwọn ewéko méjèèjì tí mo dárúkọ ti wá. Datura metel ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Hyoscine àti hyoscyamine, tí í ṣe èròjà inú ewéko Yúróòpù wọ̀nyẹn, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn àgbà wa mọ̀ pé kì í ṣe ewé tí a fi ń ṣeré. Ẹni tí ó bá jẹ hóró inú èso rẹ̀, ẹnu rẹ̀ yóò gbẹ, ọmọlójú rẹ̀ yóò fẹ̀, àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì, ara rẹ̀ yóò gbóná, yóò sì máa bá ohun tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìṣòro tí ó wà nínú ewé ni pé agbára rẹ̀ kì í dọ́gba. Ewé tí a já ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti èyí tí a já ní ìgbà òjò lè yàtọ̀ síra; bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Nígbà tí ó jẹ́ pé ìwọ̀n tí ń wo ènìyàn sàn kò jìnnà sí ìwọ̀n tí ń ṣe é ní ibi, ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Èyí ni ó mú kí iṣẹ́ Geiger àti Hesse ní ilẹ̀ Jámánì ṣe pàtàkì, nígbà tí wọ́n yọ atropine àti hyoscyamine jáde ní ọdún 1833. Ní ọdún 1880, Albert Ladenburg tún yọ hyoscine. Láti ìgbà náà ni a ti lè wọn oògùn yìí. Ìwọ̀n hyoscyamine tí ó wà nínú hóró lásán lónìí jẹ́ 0.125 miligíráàmù. Bí a bá pín gíráàmù kan ṣoṣo, yóò tó fún hóró 8,000. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò yìí sọ́kàn, nítorí yóò wúlò fún wa níwájú.

Ohun tí oògùn náà ń ṣe nínú ara

Ìfun ènìyàn kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ wa kí ó tó ṣiṣẹ́. Ẹran tí ó yí i ká ń fún, ó sì ń dẹ̀, kí oúnjẹ lè máa lọ. Nígbà tí fífún náà bá le jù, tí kò sì dẹ̀ bí ó ti yẹ, ni inú ń run ènìyàn. Àpò ìtọ̀ náà lè máa fún nígbà tí kò ì tíì kún. Ta ni ó ń pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n fún?

Otto Loewi ni ó fi ìdáhùn hàn ní ìlú Graz, ní ilẹ̀ Austria, ní ọdún 1921. Ó mú ọkàn àkèré méjì tí ó ṣì ń lù nínú omi. Ó ta iṣan tí ó lọ sí èkíní jí, ọkàn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Nígbà tí ó bu omi ara èkíní sára èkejì, èkejì náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan iṣan rẹ̀. Ó hàn gbangba nígbà náà pé iṣan a máa rán èròjà kan níṣẹ́ sí ẹ̀yà ara. Acetylcholine ni ìránṣẹ́ náà, èyí tí Henry Dale, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣe àlàyé iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1914. Àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1936.

Bí a bá fi ilẹ̀kùn ṣe àpèjúwe, acetylcholine ni kọ́kọ́rọ́ tí í ṣí ilẹ̀kùn ìfun kí ó lè fún. Atropine, hyoscine àti hyoscyamine dà bí kọ́kọ́rọ́ ayédèrú: ó wọ inú ihò, kò lè yí, kò sì jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ gidi ráyè wọlé. Ìfun yóò dẹ̀, inú yóò sì rọ̀. Ṣùgbọ́n irú ihò kọ́kọ́rọ́ kan náà wà lẹ́nu, níbi tí itọ́ ti ń sun. Ó wà lójú, ó wà ní ọkàn, ó wà nínú ọpọlọ. Oògùn kò mọ̀ pé ìfun nìkan ni a rán òun sí. Nítorí ìdí èyí ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì ṣe yí hyoscine padà di hyoscine butylbromide ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, èyí tí a mọ̀ sí Buscopan, tí kì í tètè ráyè wọ inú ọpọlọ.

Ilẹ̀ Nàìjíríà ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Ẹ̀wà kan wà ní agbègbè Calabar tí àwọn Ẹ́fíìkì ń pè ní esere, tí wọ́n ń fún ẹni tí a fẹ̀sùn kàn jẹ láti fi dá ẹjọ́. Èròjà inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ara tètè ba acetylcholine jẹ́. Nítorí náà kọ́kọ́rọ́ gidi yóò pọ̀ sí i títí yóò fi borí ayédèrú. Ní ọdún 1864, ní ìlú Prague, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Kleinwächter fi omi ẹ̀wà náà wo àwọn tí atropine ti pa bí ọtí. Loewi fúnra rẹ̀ lo èròjà yìí nínú ìwádìí rẹ̀. Orúkọ eserine tí ayé ń pè é, ẹnu àwọn Ẹ́fíìkì ni wọ́n ti gbà á.

Ìṣòro àkókò

Nígbà tí a ti mọ oògùn, tí a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀, tí a sì ti mọ iṣẹ́ rẹ̀, ìṣòro kan kù, ìyẹn ni àkókò. Láàárín wákàtí 2 sí wákàtí 3 àbọ̀, ìwọ̀n hyoscyamine tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yóò ti dín kù dé ìdajì. Ẹni tí ó bá ń lo hóró lásán lè ní láti lò ó ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Bí ó bá ti gbé e mì, oògùn yóò gun òkè nínú ẹ̀jẹ̀, ẹnu yóò gbẹ, ojú yóò sì ṣú díẹ̀. Kí àkókò tó pé, oògùn yóò ti sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì, inú yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í run. Lóru, ó di dandan kí ó yan ọ̀kan nínú oorun àti oògùn.

Àwọn aṣàpòògùn ti ń wá ọ̀nà tipẹ́. William Brockedon, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1843 fún ọ̀nà tí a fi lè tẹ ìyẹ̀fun mọ́ra láàárín irin kí ó di hóró. Ohun tí ó ń wá ni lẹ́ẹ̀dì dáadáa fún pẹ́ńsù tí ó fi ń yàwòrán, ṣùgbọ́n àwọn apòògùn rí i pé iṣẹ́ tiwọn ni ó ṣe. Ní ọdún 1952, ilé iṣẹ́ Smith, Kline & French ní Amẹ́ríkà gbé Spansule jáde: ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyọ róbótó kéékèèké nínú ìkarahun kan, tí a fi ọ̀rá bò, tí ìbora àwọn kan nípọn ju ti àwọn mìíràn lọ. Àwọn tí ìbora wọn fẹ́lẹ́ yóò kọ́kọ́ tú, àwọn tí tiwọn nípọn yóò sì tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1961, Takeru Higuchi fi ìṣirò hàn bí oògùn ṣe ń jáde kúrò nínú ohun tí a pò ó mọ́. Láti ìgbà náà, sùúrù oògùn di ohun tí a lè ṣírò ṣáájú.

Bí a ṣe ń mọ hóró onísùúrù

Ọ̀nà méjì ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Èkíní ni èyí tí a pò mọ́ èròjà tí í yọ̀. A ó wọn oògùn, a ó jọ̀ ọ́, a ó pò ó mọ́ hypromellose, èròjà kan tí a ń ṣe láti ara òwú tàbí igi. A ó rin ín kí ó di wóróbo, a ó sá a gbẹ, a ó fi èròjà díẹ̀ sí i kí ó má bàa lẹ̀ mọ́ irin, kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́ di hóró.

Ẹni tí ó bá ti ro àmàlà rí mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú ikùn. Bí èlùbọ́ bá di kókó nínú omi gbígbóná, ara kókó náà yóò yọ̀, yóò sì di ògiri tí kì í jẹ́ kí omi dé àárín. Bí a bá là á, èlùbọ́ gbígbẹ ni a óò bá nínú rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ àbùkù fún alásè ni ó jẹ́ ọgbọ́n fún apòògùn. Bí hóró yìí bá bọ́ sínú omi ikùn, ara rẹ̀ yóò yọ̀, oògùn yóò máa yòrò gba inú ògiri yíyọ̀ náà jáde, òde ògiri yóò máa ṣán, omi yóò sì máa wọlé sí àárín díẹ̀díẹ̀. Hóró hyoscyamine onísùúrù ní 0.375 miligíráàmù, a sì ń lò ó ní wákàtí 12 síra. Ẹ rántí ìṣirò wa: 0.125 lọ́nà mẹ́ta ni 0.375. Ìwọ̀n tí à bá lò lẹ́ẹ̀mẹta ni a tì mọ́ inú ilé kan, kò sì sí ìlẹ̀kùn mìíràn níbẹ̀ ju ògiri yíyọ̀ yẹn lọ.

Ọ̀nà kejì gba ibi tí ó jìnnà wá. Ní ọdún 1748, Nollet, àlùfáà àti onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi awọ àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ bo ẹnu ìgò tí ọtí líle kún inú rẹ̀, ó sì rì í sínú omi. Omi wọlé gba inú awọ náà, awọ sì wú títí tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. Van 't Hoff, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ni ó wá rí òfin tí agbára omi yìí ń tẹ̀ lé, ó sì wà lára ohun tí ó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1901. Ní ọdún 1968, Alejandro Zaffaroni, ẹni tí a bí ní Uruguay, dá ilé iṣẹ́ ALZA sílẹ̀ ní Kalifọ́níà, níbi tí Felix Theeuwes ti sọ agbára náà di ẹ̀rọ inú hóró ní àwọn ọdún 1970.

Hóró oxybutynin fún àpò ìtọ̀, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1998, irú èyí ni. Ìpele méjì ni a tẹ̀ pọ̀: oògùn wà nínú ọ̀kan, èròjà tí í wú sì wà nínú èkejì. A ó fi ìbora cellulose acetate bò ó, èyí tí í gba omi wọlé ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí oògùn jáde. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi ìtànṣán laser lu ihò tín-ín-rín kan sí ìhà tí oògùn wà. Nínú ikùn, omi yóò wọlé. Ìpele ìsàlẹ̀ yóò wú bí gaàrí tí a bu omi sí, yóò sì máa ti oògùn jáde gba ihò náà fún wákàtí 24. Nítorí pé ìsàlẹ̀ ìfun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń jáde sí, níbi tí ara kì í ti í tètè yí i padà di èròjà tí ń gbẹ ẹnu, ẹnu gbígbẹ rẹ̀ kò pọ̀ tó ti hóró lásán. Àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni ìmọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àpò ìtọ̀ ènìyàn ni ó wá ń tọ́jú.

Kí hóró kankan tó kúrò ní ilé iṣẹ́, a ó sọ díẹ̀ nínú wọn sínú omi tí ó gbóná bí ara ènìyàn, ìyẹn ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a ó máa rò ó, a ó sì máa bu omi náà wò láti wákàtí dé wákàtí. Ìwé òfin oògùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti fi ìdánwò yíyòrò sínú òfin láti ọdún 1970. Bí oògùn bá yára jáde jù, tàbí bí ó bá lọ́ra jù, a kò gbọdọ̀ tà á.

Ẹ̀kọ́ ọdún 1983

Kì í ṣe ìṣẹ́gun nìkan ni ìtàn yìí. Ní ìparí ọdún 1982, a gbé hóró kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Osmosin. Oògùn oríkèé ara ríro ni, indomethacin, tí a fi agbára omi ṣe. Ní ọdún 1983 a kó o kúrò lọ́jà, nítorí ìròyìn pé ìfun àwọn kan tí ó lò ó di egbò, tàbí kí ó tilẹ̀ lu. Àlàyé tí a sáábà ń ṣe ni pé oògùn tí í ta ara ń tú jáde láti ojú ihò kan ṣoṣo sí ojú kan náà lára ìfun. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo oògùn ni ó yẹ kí a kọ́ ní sùúrù, àti pé ohun tí ó dára nínú omi ìdánwò lè di ohun mìíràn nínú ìfun ènìyàn. Títí di òní, a ń kìlọ̀ pé kí ẹni tí ojú ọ̀nà kan bá há nínú ìfun rẹ̀ má ṣe lo hóró tí ìkarahun rẹ̀ kì í yòrò.

Ohun tí ó kàn wá

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé wa. Lára páálí irú oògùn yìí, lẹ́tà méjì péré ni a sábà máa ń fi sọ gbogbo ìtàn tí mo sọ yìí: XL, ER, SR, XR tàbí MR. Ẹni tí ó mọ XL mọ̀ ọ́n lára ẹ̀wù, níbi tí ó ti ń sọ pé ẹ̀wù náà tóbi. Bẹ́ẹ̀ ni a sì mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, a máa ń fi sáàsì gé oògùn ní ẹyọ mẹ́rin tàbí márùn-ún fún ẹni tí owó rẹ̀ kò ká odindi páálí. Lẹ́tà méjèèjì á kù sára èyí tí ó kù lọ́wọ́ ọlọ́jà. Hóró nìkan ni yóò dé ilé.

Nínú ilé náà, bí àgbàlagbà kò bá lè gbé hóró mì, ọmọ rẹ̀ yóò lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀kọ. Ìfẹ́ ni ó fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ti wó ògiri ilé náà, ìwọ̀n tí ó yẹ kí ó gba wákàtí 12 tàbí 24 yóò sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ láàárín àkókò díẹ̀. Bí baba náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀sọkúsọ, tí ìtọ̀ sì há mọ́ ọn, wọn yóò ní ogbó ni, tàbí pé ayé ni. Ẹlòmíràn yóò rí ìkarahun hóró nínú ìgbẹ́ rẹ̀, yóò rò pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́, yóò sì gbé òmíràn mì, nígbà tí ó jẹ́ pé ilé òfìfo ni ó rí. Àwọn ará ilé ti jáde. Àwọn hóró kan wà, irú èyí tí a pò mọ́ èròjà yíyọ̀, tí olùṣe wọn fi ilà sí láàárín kí a lè dá wọn sí méjì. Ṣùgbọ́n ilà àárín kò sọ pé kí a lọ̀ wọ́n. Èyí tí a lu ihò sí, kò sí ilà kankan fún un: bí a bá ti dá a, ẹ̀rọ bàjẹ́ nìyẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ kan wà fún àwa tí a ń fi èdè Yorùbá ṣiṣẹ́. A ti wá ọ̀rọ̀ fún gírámà, fún ìṣirò àti fún òfin. Ẹ jẹ́ kí a wá ọ̀rọ̀ fún èyí náà, kí a sì fẹnu kò lé e lórí. Mo dábàá oògùn onísùúrù, nítorí pé ọmọdé àti àgbà ni yóò yé. Mo sì dábàá pé kí apòògùn máa kọ gbólóhùn kan sára àpò ìwé tí ó ń bu oògùn sí, kí ó sì máa kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé: Oògùn onísùúrù ni èyí, gbé e mì lódindi, má ṣe rún un, má ṣe lọ̀ ọ́, bí o kò bá lè gbé e mì, padà wá sọ fún mi. Kíkéde gbólóhùn yìí kò ná wa ní ohun púpọ̀. Ní ti àgbàlagbà tí kò lè gbé nǹkan mì, irú mìíràn wà tí dókítà lè fún un, bí ó bá ṣáà ti mọ̀.

Ìgúnlẹ̀

A ti rí bí ewé ṣe di èròjà, bí èròjà ṣe di ìwọ̀n, àti bí ìwọ̀n ṣe wá kọ́ àkókò. Àwọn baba wa ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Láti ìgò Nollet ní ọdún 1748 dé hóró oxybutynin ní ọdún 1998, 250 ọdún ni ó gba ọgbọ́n láti fi imú wọ ọgbà yìí. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni ó ń gba ọmọ odó láti tú u ká. Láàárín 250 ọdún àti ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn, kò sí ohun tí ó dúró bí kò ṣe ọ̀rọ̀ tí a bá sọ fún ẹni tí oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní èdè tí ó gbọ́.